Òfin Owó Ilé àti Ọwọ́ Ilẹ̀kùn

Ṣọ́ọ̀bù mi,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì.

Ìyá mi, ọmọ mi,

Ṣé o sùn dáadáa? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́, ṣé àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ilé ìwòsàn yẹn ò tíì dá ọ lágara? Èmi wà pa. Orúnkún tó ń dùn mí ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀ ti di ọ̀rẹ́, mi ò kà á sí àìsàn mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ò gba ìkíni gígùn, jẹ́ kí n tètè bọ́ sórí ẹ̀. Onírédíò já wọlé tọ̀ mí wá lánàá, kò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn. O mọ̀ ọ́n, ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, tó máa ń gbọ́ ìròyìn gbogbo ayé kó tó gbọ́ ti ìyàwó ẹ̀. Ó ní, "Káfíńtà, ọmọ ẹ ti dòmìnira!" Mo ní kí ló dé. Ó ní àwọn aṣòfin ìlú tí o wà ti jókòó, wọ́n ti ṣòfin tuntun lórí owó tí báńkì ń yá èèyàn ra ilé. Ó ní báńkì ò gbọdọ̀ gba owó ìtanràn mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ta ilé ẹ̀, kó san gbèsè tó kù, kó sì máa bá tiẹ̀ lọ. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó búra. Ó búra.

Ọmọ mi, mo gbé ayùn sílẹ̀, mo jókòó sórí pákó. Ẹ̀rín ń pa mí, omi sì ń jáde lójú mi. Ṣé o rántí ohun tí o kọ sí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ ní kí o máa bọ̀ nílé? O ní, "Bàbá, báńkì ti so mí mọ́lẹ̀. Tí mo bá kúrò nínú ilé yìí kí àkókò tó pé, owó ìtanràn tí wọ́n máa bù lé mi á jẹ gbogbo ohun tí mo ti san." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá báńkì yẹn ṣọ̀tá. Mi ò rí wọn rí, mi ò mọ ojú wọn, ṣùgbọ́n mo ti ṣépè fún wọn títí ó fi sú ẹnu mi.

Ó dáa, kò sí ìtanràn mọ́. Máa bọ̀.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí yàrá rẹ, èyí tí mo kọ́ mọ́ ara ilé lẹ́yìn tí o lọ, tó jẹ́ pé kọ́tìnnì ló wà lẹ́nu ẹ̀ títí dòní. Mo ti kùn ún. Mo ti fi pákó gidi ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀, ó fara ti ògiri ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń dúró dè ọ́. Ọwọ́ ilẹ̀kùn nìkan ló kù, o sì mọ bí mo ṣe ń ṣe. Mi ò kì í so ọwọ́ mọ́ ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni tí ẹni tó ni yàrá ò bá tíì wá dúró níwájú ẹ̀, kó ká apá, kí n fi pẹ́ńsùlù sàmì síbi tí ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ dé. Àwọn èèyàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Tísà tó ń gbé òkè wa rìnrìn àjò, ó di ìgbà tó dé kí ilẹ̀kùn ẹ̀ tó lọ́wọ́, okùn ni ìyàwó ẹ̀ ń fi fà á. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ti ṣí ilẹ̀kùn mi rí tó ní apá ń ro òun.

Wá dúró níwájú ilẹ̀kùn rẹ.

Má wulẹ̀ pè mí lórí fóònù. Fóònù yẹn, "Ṣé dáadáa ni?" "Dáadáa ni," owó ti tán. Kọ lẹ́tà, kí n lè máa kà á lákàtúnkà.

Èmi bàbá rẹ, tí àárò rẹ ń sọ.


Òkè kẹta,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì.

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnira orúnkún. Ṣé ẹ ń fi omi gbígbóná jó o bí mo ṣe sọ? Mo mọ̀ pé ẹ ò ṣe é.

Nídìí àpótí lẹ́tà nísàlẹ̀ ni mo ti ka lẹ́tà yín, mi ò tíì gun òkè. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó háyà yàrá kejì lọ́wọ́ mi ló bá mi níbẹ̀ tí mò ń sunkún, ó rò pé wọ́n túfọ̀ fún mi ni. Mo ní rárá o, bàbá mi ló kun yàrá.

Bàbá, òótọ́ ni Onírédíò sọ, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ yá owó yẹn, ìwé tí wọ́n gbé fún mi nípọn, lẹ́tà inú ẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. Mo ń fọwọ́ sí i, ọkùnrin báńkì ń wo aago. Kò sọ fún mi pé èlé tó kéré lónìí máa ga tó bá yá. Ìgbà tó ga ni mo fi iṣẹ́ alẹ́ kún ti ọ̀sán, tí mo sì háyà yàrá kejì fún obìnrin awakọ̀ yìí, tó ń hanrun bí ẹni pé ó wa bọ́ọ̀sì wọlé. Kì í ṣe èmi nìkan. Ìdajì àwa tá a wà nídìí ìfọṣọ ló ń sunkún owó ilé. Àwọn èèyàn pariwo títí àwọn aṣòfin fi gbọ́.

Òfin tuntun ní báńkì gbọ́dọ̀ ka gbogbo ọ̀rọ̀ síta fún ẹni tó fẹ́ yáwó, ní èdè tó yé èèyàn. Wọn ò gbọdọ̀ yá èèyàn ju ohun tí owó oṣù ẹ̀ lè gbé, wọn ò sì gbọdọ̀ fi èlé pamọ́. Àwa tá a ti yáwó tẹ́lẹ̀ lè ta ilé, ká san ohun tó kù, ká máa lọ láìsí ìtanràn, bí Onírédíò ṣe wí. Èyí tí kò gbọ́ ni pé a tún lè ṣe ìwé tuntun, kí èlé wálẹ̀ síbi tó tọ́, ká sì dúró sínú ilé wa.

Mo lọ sí báńkì. Obìnrin kan ló jókòó tì mí. Tó bá ka ojú ìwé kan tán, á wò mí: "Ṣé ó yé yín?" Mo ní ó yé mi. Á ka òmíràn: "Ṣé ó yé yín?" Ó di pé mo ń mi orí bí alángbá. Nígbà tó parí, mo nawọ́ sí bírò, ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n gbé ìwé lọ sílé, kí n lọ rò ó, kí n wá fi èsì lé e lọ́wọ́ ní ìparí oṣù karùn-ún. Àkókò ìrònú ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́nì kankan ní báńkì tó gbọdọ̀ pè mí kó ní kí n ṣe kíá.

Bàbá, kò sẹ́ni tó fún mi láyè láti ronú rí látìgbà tí mo ti débí. Mo gbé ìwé náà sórí tábìlì, mò ń wò ó, ó ń wò mí. Tí mo bá ta ilé, mò ń bọ̀ nílé pẹ̀lú owó kékeré tó bá ṣẹ́ kù. Tí mo bá fọwọ́ sí ìwé tuntun, màá wà níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ara á tù mí, màá lè máa ra tíkẹ́ẹ̀tì wá kí yín, ohun tí apá mi ò ká látẹ̀yìnwá.

Ẹ sọ tọkàn yín fún mi. Mi ò fẹ́ fọwọ́ sí nǹkan kan láìgbọ́ ohùn yín.

Ẹ bá mi kí Onírédíò. Ẹ ní kó máa gbọ́ ìròyìn dópin.

Ọmọ yín, tó ń rò yín lójoojúmọ́.


Ṣọ́ọ̀bù mi,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta.

Ìyá mi,

Mo kí ọ. Ara mi le.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún Onírédíò, mo sì tún kà á fún ara mi lẹ́yìn tó lọ. Ọ̀rọ̀ òfin náà yé mi. Ìwọ gan-an ni kò yé mi. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún èèyàn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi bàbá ẹ̀ bóyá kí òun jáde! Kí lo fẹ́ kí n sọ? Ṣé kí n ní má wá ni?

Jẹ́ kí n bi ọ́, má sì bínú. Gbogbo ọdún tí o fi ń sọ pé báńkì ni, báńkì ni, ṣé báńkì ni lóòótọ́? Àbí mo kàn ń ṣépè fún àwọn tí ò ṣẹ̀ mí?

Mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó ń ra àga lọ́wọ́ mi pé ọmọ mi ń bọ̀. Àbúrò mi obìnrin ti ń béèrè irú aṣọ tí òun máa tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ. Kí ni kí n wá sọ fún wọn báyìí? Pé ó ń ronú?

Nígbà tí ìyá rẹ kú tó fi ọ́ sílẹ̀ lọ́mọ ọwọ́, kò sẹ́ni tó fún èmi ní àkókò ìrònú. Mo gbé ọ wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ́ aṣọ fún ọ lábẹ́ tábìlì, ibẹ̀ lo ti kọ́ ìrìn. Nígbà tí o dàgbà díẹ̀, ìwọ lo máa ń di etí kejì pákó mú fún mi tí mo bá ń rẹ́ ẹ. Títí dòní, tí mo bá ń rẹ́ pákó gígùn, òkúta ni mò ń gbé lé etí kejì. Òkúta kì í sọ̀rọ̀. Ìwọ máa ń sọ̀rọ̀ débi tí mo fi ń ní kí o dákẹ́. Ì bá ṣe pé mo mọ̀, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Máa bọ̀ nílé. O ní kí n sọ tọkàn mi, mo ti sọ ọ́.

Bàbá rẹ.


Òkè kẹta,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin.

Bàbá mi,

Mo kí yín lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì. Mo kọ lẹ́tà, mo fà á ya, mo tún kọ, mo tún fà á ya.

Ẹ bi mí bóyá báńkì ni. Níbẹ̀rẹ̀, báńkì ni, mo fi Ọlọ́run búra. Nígbà tó yá, èmi náà wà níbẹ̀. Ó kàn rọrùn láti sọ pé báńkì ni, torí èmi àti ẹ̀yin lè jọ máa bínú sí báńkì. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ bínú sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé yìí ṣe rí fún yín, torí mi ò sọ ọ́ rí, ẹjọ́ ẹ̀ ni mo máa ń rò. Yàrá méjì ni, àti ilé ìdáná tí èèyàn méjì ò lè dúró sí kí wọ́n má gbún ara wọn. Fèrèsé ẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀sì sí. Tó bá di àárọ̀, oòrùn á gba orí àwọn bọ́ọ̀sì yẹn wá sórí tábìlì mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́, mi ò ní àga, mi ò ní bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe máa pa yín lẹ́rìn-ín: mo dúró níwájú ilẹ̀kùn yàrá, mo ká apá. Ọwọ́ ilẹ̀kùn náà ga jù. Mo lọ yá sukurudíráfà lọ́dọ̀ ará ìsàlẹ̀, mo tú u, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́ mi. Mo po ìyẹ̀fun pákó mọ́ gọ́ọ̀mù, mo fi dí ojú ihò àtijọ́, mo fi sáńpépà ha á bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ẹni tó bá wò ó ò lè mọ̀. Mo ṣí i, mo tì í, mo tún ṣí i. Mo wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, torí kò sẹ́ni tí mo lè fi hàn.

Inú mi ń dùn nínú ilé yìí, Bàbá. Ó sì ń dùn mí pé inú mi ń dùn níbi tí ẹ ò sí. Lẹ́nu iṣẹ́, ẹni méjì ló máa ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan á di etí kan mú, èkejì á di etí kejì. Mo ṣì máa ń sọ̀rọ̀ jù, wọ́n sì máa ń ní kí n dákẹ́. Ibẹ̀ ni àárò yín ti máa ń mú mi, tòun ti aṣọ lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ o. Tí mo bá fọwọ́ sí ìwé tuntun yìí, kò ní pọn dandan kí n tún máa fi yàrá kejì háyà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ti rí ilé síbòmíì. Yàrá náà á ṣófo. Ẹ wá máa gbé ibẹ̀. Ẹ kó òòlù àti ayùn yín dání. Mo bẹ̀ yín.

Oṣù karùn-ún ò jìnnà mọ́. Ẹ tètè fèsì.

Ọmọ yín.


Òkè kẹta,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún.

Bàbá mi,

Ṣé kò sí o? Mi ò tíì rí lẹ́tà yín. Mo pe fóònù yín, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo pe Onírédíò, ó ní ẹ wà, ẹ kàn dákẹ́ ni. Ó ní ẹ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ ara yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í tilẹ̀kùn!

Tẹ́ ẹ bá ń bínú, ẹ bú mi. Ẹ kọ èébú kún ìwé, màá kà á. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e.

Obìnrin báńkì rí mi lójú ọ̀nà, ó kí mi, ó sáré kọjá. Ẹ̀rù ń bà á pé tó bá béèrè nǹkan kan, òun ti rú òfin. Gbogbo èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún ìrònú mi. Bẹ́ẹ̀ mi ò ronú nǹkan kan mọ́, àpótí lẹ́tà ni mò ń wò. Tí lẹ́tà yín ò bá dé kí oṣù tó parí, mi ò ní fọwọ́ sí i. Màá ta ilé, màá máa bọ̀.

Ọmọ yín ni.


Ṣọ́ọ̀bù mi,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù karùn-ún.

Ìyá mi, ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́,

Onírédíò ní o pè, ó ní o ń wá mi. Má bínú sí mi. Nǹkan kan ò ṣe mí. Mo bínú tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti lọ. Mo kọ lẹ́tà kan tí mo fi ní dandan ni kí o máa bọ̀, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo mú un dé ẹnu ọ̀nà pósọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọwọ́ ilẹ̀kùn tí o ní o sọ̀ kalẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ.  Mo padà sílé.

Mo ka ibẹ̀ yẹn títí. Láti kékeré mi ni mo ti ń so ilẹ̀kùn fáwọn èèyàn, mi ò tíì rí ẹni tó ṣe irú ẹ̀ nínú ilé tí kì í ṣe tiẹ̀. Ẹni tó háyà ilé, bó ṣe bá ọwọ́ ilẹ̀kùn ló máa lò ó. Ìwọ tú tìrẹ, o sì dí ojú ihò àtijọ́. Èmi ń rò pé wọ́n dè ọ́ mọ́bẹ̀ ni, àṣé ilé ara rẹ lo wà. Ó dùn mí o. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ó dùn mí wọra. Àmọ́ inú mi tún dùn pé ìyẹ̀fun pákó àti gọ́ọ̀mù lo fi dí i, pé o ò kan rún bébà bọ̀ ọ́ bí àwọn káfíńtà ìwòyí.

Fọwọ́ sí i. Ohùn mi gan-an nìyí, ìbínú ló sọ ti àkọ́kọ́. Mi ò fẹ́ kí o ta ilé yẹn, kí o wá jókòó tì mí níbí, kí ọkàn rẹ máa wà níbẹ̀.

Ní ti pé kí n wá máa gbé ọ̀dọ̀ rẹ, o ṣeun, ọmọ mi. Ṣọ́ọ̀bù mi ńkọ́? Orúnkún yìí ńkọ́, pẹ̀lú òkè kẹta? Màá wá wò ọ́ tí Ọlọ́run bá fẹ́, kí n fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn, kí n wò ó bóyá òótọ́ ni pé ihò náà ò hàn. Ṣùgbọ́n ibí ni ilé mi. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ báyìí ni mo rí i pé ohun kan náà lo ti ń sọ fún mi, tí mi ò gbọ́.

Ìdí tí mo fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni pé mò ń so ọwọ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ. Ojú ń tì mí, kí wọ́n má lọ máa sọ pé Káfíńtà ti yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà. O ò sí níbí láti dúró fún mi. Mo fẹ́ ní kí o wọn ìgbọ̀nwọ́ rẹ ránṣẹ́, àmọ́ mi ò wọn èèyàn nínú lẹ́tà rí. Ni mo bá lọ wá épúrọ́ọ̀nù mi àtijọ́, mo wọ̀ ọ́. Láyé ìgbà yẹn, tá a bá rẹ́ pákó tán tí o wá dúró tì mí, etí àpò épúrọ́ọ̀nù yẹn ni ìgbọ̀nwọ́ rẹ máa ń kàn. Ibẹ̀ ni mo sàmì sí. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ tí mo mọ̀ nìyẹn.

Ó rẹlẹ̀ jù fún ọ báyìí, mo mọ̀. Tí o bá wá kí mi, wàá ní láti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ tó tó o. Tí o bá ti dé, dúró kí n wò ọ́ dáadáa, màá gbé e sókè síbi tó yẹ.

Mo ti ká kọ́tìnnì kúrò.

Èmi bàbá rẹ, tí àárò rẹ ń sọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.


Òkè kẹta,
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Lẹ́tà yín dé lánàá. Mo mú un lọ sí báńkì láàárọ̀ yìí, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tuntun, mo sì fọwọ́ sí i. Obìnrin náà bi mí bóyá mo ti rò ó dáadáa. Mo ní bàbá mi ti bá mi rò ó. Ó ní, "Ṣé ó yé yín?" Mo ní ó yé mi.

Mo ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù kẹjọ ni mò ń bọ̀. Ẹ gbé òkúta yẹn sọ nù, èmi ni màá di etí kejì mú. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ jù, ẹ ní kí n dákẹ́, mi ò ní gbọ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹn, ẹ má gbé e sókè o. Kódà tí mo bá dé, tẹ́ ẹ sì rí bí mo ṣe ga tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í síbi tó wà. Mo fẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ kí n tó wọlé yín.

Ọmọ yín, tó ń bọ̀.